PRP, PRF tàbí ẹ̀jẹ̀ lásán: èwo ló yẹ eyín tí wọ́n fẹ́ gé ṣóńṣó gbòǹgbò rẹ̀?

Wọ́n ti wẹ inú gbòǹgbò eyín náà, wọ́n ti dí i, wọ́n ti dé e ládé. Ọdún méjì kọjá láìsí wàhálà. Lọ́jọ́ kan, kókó kékeré kan yọ lára ẹran ìdí eyín; ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, omi kan tí adùn rẹ̀ ò dáa tú sí yín lẹ́nu. Ọyún ni. Nígbà tí wọ́n ya X-ray, ojú dúdú roboto kan wà ní ṣóńṣó gbòǹgbò: eegun ibẹ̀ ti jẹ. Dókítà eyín ní bí òun bá tún gba orí eyín wọlé, adé á bàjẹ́, òun sì lè má débi tí àìsàn wà, nítorí náà ìsàlẹ̀ lòun máa gbà. Á la ẹran ìdí eyín, á ṣí fèrèsé kékeré sára eegun, á gé ṣóńṣó gbòǹgbò kúrò, á sì dí ojú ibi tó gé. Ẹ gbà fún un. Ló bá tún béèrè pé, "Ṣé ká fi PRF sí i, àbí ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?" PRF ni nǹkan dídì tí wọ́n ń ṣe láti inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀ láti ran egbò lọ́wọ́; PRP ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Èmi náà máa ń bi àwọn tí mo ń tọ́jú ní ìbéèrè yìí, mo sì mọ bí ojú wọn ṣe máa ń rí. Bàbá àgbàlagbà kan wò mí títí, wọ́n ní, "Dókítà, ẹ̀jẹ̀ ta lẹ fẹ́ fi sí mi lẹ́nu?" Mo ní, "Tiyín náà ni, bàbá. Apá yín la ti máa fà á." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé ẹ̀jẹ̀ tó máa sun lójú egbò náà kò ní tó ni. Ìbéèrè bàbá yìí ló mọ́gbọ́n dání jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, òun sì ni mo fẹ́ dáhùn.

Ohun tó ń wo eyín náà sàn gan-an

Ká tó fi ọ̀kan wé èkejì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀pọ̀ ìpolówó kì í sọ. Nǹkan tí a kó jọ láti inú ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló ń wo àìsàn ṣóńṣó gbòǹgbò. Kòkòrò tó sá pamọ́ sínú gbòǹgbò ló dá a sílẹ̀. Mílímítà 3 tó kẹ́yìn gbòǹgbò ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ẹ̀ka tín-ín-rín tí oògùn ìwẹ̀ kì í dé wà, ìdí nìyẹn tí a fi ń gé ibẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà, a ó fi irinṣẹ́ tó ń gbọ̀n rìrì gbẹ́ ihò mílímítà 3 wọnú gbòǹgbò tó ṣẹ́kù, a ó sì fi MTA tàbí irú sìmẹ́ńtì eyín bẹ́ẹ̀ dí i pa. Bí ọ̀nà bá ti dí mọ́ kòkòrò, ara á fúnra rẹ̀ kó eegun padà síbẹ̀. Bí iná ò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná: bí ìdí gbòǹgbò náà bá ṣì ń jò, kí wọ́n da PRF ìgò mẹ́wàá sí i, ọyún á tún padà wá.

Lọ́dún 2010, Setzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lórí iṣẹ́ abẹ yìí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́, tí wọ́n ń fi ojú lásán wò ó, tí wọ́n ń fi irin tààrà gbẹ́ ẹ, tí wọ́n sì ń fi amalgam, àdàlù irin tí wọ́n fi ń dí eyín, dí i, nǹkan bíi 59 ló ń yọrí sí rere nínú 100. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóde òní, pẹ̀lú microscope, irinṣẹ́ tó ń gbọ̀n rìrì àti sìmẹ́ńtì tuntun, ó tó 94. Kò sí ohun kankan tí a kó jọ láti inú ẹ̀jẹ̀ tó tíì mú ìyàtọ̀ tó tóbi tóyẹn wá. Nítorí náà, bí ẹ bá bá dókítà kan tó ń lo microscope pàdé tí kò ní ẹ̀rọ PRF, tí ẹ sì bá òmíràn tó ní ẹ̀rọ PRF ṣùgbọ́n tó ń fi ojú lásán ṣiṣẹ́, ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ lọ. Èmi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì rárá.

Kí ni wọ́n ń kó jọ?

Platelet ni àwọn wóró tó kéré jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ara tó dá pé máa ń ní nǹkan bíi 150,000 sí 450,000 nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn ẹ̀kán tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí. Àwọn ló kọ́kọ́ ń dé bí nǹkan bá gé yín lọ́wọ́. Wọ́n á lẹ̀ mọ́ ara wọn, ẹ̀jẹ̀ á dá, wọ́n á wá tú ẹrù tí wọ́n gbé wá: PDGF tó ń pe àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tún ara ṣe, VEGF tó ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun hù, TGF-β àti àwọn míì. Èrò àwọn tó dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ò ṣòro: bí ìwọ̀nba platelet tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ lásán bá ń mú egbò jinná, tí a bá kó ọ̀pọ̀ wọn jọ sójú kan ńkọ́?

Ibi tí wọ́n ti pínyà ni bí a ṣe máa kó wọn jọ.

PRP àti PRF: ibi tí ọ̀rọ̀ wà

PRP (platelet-rich plasma) ló ṣáájú. Lọ́dún 1998, Robert Marx àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ wọn jáde lórí bí wọ́n ṣe lò ó pẹ̀lú eegun tí wọ́n lọ́ mọ́ àgbọ̀n. Láti ṣe é, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ti gbọ́dọ̀ wà nínú ìgò kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ sí i, citrate ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ̀rọ á yí ìgò náà bírí lẹ́ẹ̀kan láti ya sẹ́ẹ̀lì pupa sọ́tọ̀, á tún yí i lẹ́ẹ̀kejì láti kó platelet jọ sí ìsàlẹ̀. Ohun tó kù jẹ́ omi. Kí omi yẹn tó lè dì, wọ́n á fi calcium chloride sí i, nígbà míì pẹ̀lú thrombin tí wọ́n mú lára màlúù. Thrombin màlúù yìí ló fa àríyànjiyàn: àwọn kan wà tí ara wọn bá a jà, tí ìjà náà sì kan ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ tiwọn gan-an dì. Ọ̀pọ̀ ti pa á tì nítorí èyí.

PRF (platelet-rich fibrin) dé lọ́dún 2001 láti ọwọ́ Joseph Choukroun ní ilẹ̀ Faransé, ohun tó sì ṣe ni pé ó yọ gbogbo àfikún wọ̀nyẹn kúrò. Kò sí citrate, kò sí calcium, kò sí màlúù níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ bíi mílílítà 10 á wọ ìgò tí kò ní oògùn kankan nínú, á sì bọ́ sẹ́nu ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ fún L-PRF, ìyẹn PRF tó ní sẹ́ẹ̀lì funfun nínú, ni ìyípo 2,700 ní ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú 12. Bí ìgò ṣe ń yí ni ẹ̀jẹ̀ ń dì. Nígbà tí ẹ̀rọ bá dúró, ìpele mẹ́ta lẹ ó rí: omi tó mọ́ lókè, sẹ́ẹ̀lì pupa nísàlẹ̀, àti nǹkan kan tó dì láàárín, tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí oyin.

Mo fẹ́ràn ìgbà tí mo bá fi ẹ̀mú fà á jáde. Ó máa ń yọ̀ bọ̀rọ́, ó sì máa ń nà díẹ̀ bí rọ́bà, ìrù pupa á sì rọ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. A kì í gé ìrù yẹn tán pátápátá. Ààlà tó wà láàárín pupa àti ìyeyè ni platelet pọ̀ sí jù, nítorí náà pupa díẹ̀ máa ń kù lára rẹ̀. Bí a bá tẹ́ ẹ sínú àpótí kékeré tí ìdérí rẹ̀ wúwo, omi á jò kúrò lára rẹ̀, á di awẹ́ pẹlẹbẹ kan tí ó nípọn tó nǹkan bíi mílímítà kan, tí a lè ká bí aṣọ. Òun la ó fi kún ihò inú eegun, tàbí ká tẹ́ ẹ sórí fèrèsé tí a ṣí kí a tó rán ẹran ìdí eyín padà.

Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì fún ojú egbò nìyí. PRP máa ń tú ọ̀pọ̀ jù lọ ẹrù rẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan. PRF jẹ́ àwọ̀n fibrin, ìyẹn okùn tín-ín-rín tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dì, tó ti há platelet àti sẹ́ẹ̀lì funfun sínú, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ló ń tú tirẹ̀ sílẹ̀, fún ọjọ́ méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ihò kan nínú eegun tó ń fẹ́ ìtọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, mo rí i pé ti PRF bọ́gbọ́n mu jù. Ó tún ṣeé dì mú. PRP tó bá dì tán ṣì rọ̀, omi ìfọ̀ egbò lè gbé e lọ. Awẹ́ PRF máa ń dúró síbi tí ẹ bá gbé e sí.

Àmọ́ PRF náà ní ìwà tirẹ̀: kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo rántí aláìsàn kan tí iṣan apá rẹ̀ ń sá fún abẹ́rẹ́. A gún un lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán tó, tó, tó. Nígbà tí ìgò fi máa dé inú ẹ̀rọ, ẹ̀jẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì fúnra rẹ̀. Ohun tí a fà jáde kò ní ìpele kankan, gbogbo rẹ̀ ti pò pọ̀ ní pupa. A dà á nù, a sì tún apá kejì gún. Onítọ̀hún ò fi bẹ́ẹ̀ dunnú sí mi lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá mọ̀ pé iṣan yín kì í ṣe é rí, ẹ tètè sọ ọ́ kí wọ́n pe ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ fífà.

Ẹ ó gbọ́ A-PRF àti i-PRF náà. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹ̀rọ ni wọ́n ní kó rọra yí: A-PRF jẹ́ 1,500 fún ìṣẹ́jú 14, kí sẹ́ẹ̀lì funfun lè pọ̀ sí i nínú rẹ̀, i-PRF jẹ́ 700 fún ìṣẹ́jú 3 péré, ó ń wà ní omi fún ìgbà díẹ̀, a sì lè fi pò eegun tí a fẹ́ lọ́ mọ́ ibẹ̀. Àwọn nọ́ńbà yìí kì í tilẹ̀ ní ìtumọ̀ kan náà lórí gbogbo ẹ̀rọ. Bí apá tó ń gbé ìgò nínú ẹ̀rọ bá gùn ju ti òmíràn lọ, ìyípo kan náà á fà ju tọ̀hún lọ. Dókítà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á mọ ti ẹ̀rọ tirẹ̀.

PRGF àti CGF, ní ṣókí

Irú nǹkan kan náà tí wọ́n ń kó jọ láti inú ẹ̀jẹ̀ ni méjèèjì. PRGF wá láti Sípéènì, Eduardo Anitua ló gbé e jáde lọ́dún 1999. Ó ń lo citrate bíi PRP, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ̀rọ ń yí i, calcium chloride nìkan ló sì ń mú un dì. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sẹ́ẹ̀lì funfun sílẹ̀ lóde, torí wọ́n gbà pé ó lè mú kí egbò gbóná jù. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ PRF ní rárá, sẹ́ẹ̀lì funfun ń bá kòkòrò jà, kó wà níbẹ̀. Iyàn yẹn kò tíì parí. CGF, tí Sacco gbé jáde ní Ítálì lọ́dún 2006, jọ PRF gidi gan-an, àfi pé ẹ̀rọ tirẹ̀ máa ń yí eré padà bó ti ń ṣiṣẹ́. Bí dókítà yín bá ń lo CGF dípò PRF, ẹ má ṣe da ara yín láàmú láti wá ẹlòmíì.

Ohun tí ẹ máa mọ̀ lára àti ohun tí X-ray máa rí

Nǹkan méjì ni ọ̀rọ̀ yìí, àwọn tó ń ta ẹ̀rọ sì máa ń pò wọ́n pọ̀.

Èkíní ni ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ìrora iṣẹ́ abẹ yìí máa ń le jù lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ kejì, wíwú ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà kì í jìnnà sí i. Níbí ni ohun tí a kó jọ láti inú ẹ̀jẹ̀ ti fi ara hàn jù. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí tí wọ́n ti fi àwọn tó gbà á wé àwọn tí kò gbà á, ìrora àwọn tó gbà á máa ń dín, ẹnu wọn máa ń tètè ṣí, wọn kì í sì í lo oògùn apàrora tó bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ti òkè àti ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà.

Èkejì ni eegun, ìyẹn bóyá ojú dúdú orí X-ray máa dí. Níbí, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Fún ihò kékeré tí eegun yí ká dáadáa, tí wọ́n sì fi ọ̀nà òde òní ṣe, ọ̀pọ̀ jù lọ ni yóò dí láàárín ọdún kan, yálà PRF wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Nígbà tí 94 nínú 100 ti ń yè tẹ́lẹ̀, àyè mélòó ló kù tí PRF máa fi gbayì? Àwọn ìwádìí kan rí i pé eegun tètè kún díẹ̀ sí i, àwọn míì ò rí ìyàtọ̀ gidi, iye ènìyàn inú púpọ̀ nínú wọn kò sì pọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ sọ̀yà fún yín pé PRF ló máa gba eyín náà là, ẹ béèrè pé ta ló ń dí ìdí gbòǹgbò náà.

Ẹ̀jẹ̀ lásán, àti awọ tí wọ́n rà

Mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àìgba nǹkan kan jẹ́ àìṣe nǹkan kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti nu ihò náà mọ́, a máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tútù kún un kí a tó rán an. Ẹ̀jẹ̀ yẹn á dì, fibrin á wà nínú rẹ̀, platelet á wà nínú rẹ̀. Òun ni PRF tí ara ṣe fúnra rẹ̀ láìsí ẹ̀rọ, kàn jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì pupa pọ̀ nínú rẹ̀, platelet ò sì pọ̀ tó. Ohun tí bàbá ìjọ́sí sọ nìyẹn, òótọ́ sì ni.

Ibi tí ẹ̀jẹ̀ lásán kì í ti í tó ni ihò tó tóbi tàbí tó ya odi. Ìgbà míì wà tí àìsàn ti jẹ eegun láti iwájú jáde sí ẹ̀yìn, tí eegun iwájú àti ti ẹ̀yìn ti lu já. Ìgbà míì wà tí eegun tó bo gbòǹgbò ti tán láti ṣóńṣó dé ọrùn eyín. Ẹran máa ń tètè hù ju eegun lọ, á kàn ya wọ inú ihò náà, á sì gba àyè eegun. Ohun tí à ń wá níbẹ̀ ni ògiri tó máa dá ẹran dúró títí eegun á fi dé. Awọ tí wọ́n fi collagen ṣe, ìyẹn èròjà tó ń fún awọ àti eegun lókun, ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, nígbà míì pẹ̀lú eegun tí wọ́n ti lọ̀ kúnná tí wọ́n kó sínú ihò náà. Ó máa ń pẹ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ sí oṣù kó tó yọ́. Awẹ́ PRF kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ló ti ń yọ́, nítorí náà kò lè dá ṣe ògiri fún ihò ńlá. Ó lè bá collagen ṣe é.

Collagen àti eegun lílọ̀ yìí sábà máa ń wá láti ara màlúù tàbí ẹlẹ́dẹ̀. Bí ẹ̀sìn tàbí ìgbàgbọ́ yín kò bá fàyè gba ọ̀kan nínú wọn, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ akunnilára gún yín, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ni PRF, tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ẹni fúnra ẹni, ti wúlò jù lójú mi.

Bó bá jẹ́ eyín tèmi

Ihò kékeré, eyín iwájú, dókítà tó ń lo microscope: ẹ̀jẹ̀ lásán tó mi. Bí dókítà bá fi PRF kún un láìjẹ́ pé ó di ẹrù tuntun lé mi lórí, màá gbà á nítorí ìrora ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, pàápàá bí mo bá ní ibi tí mo gbọ́dọ̀ wà lọ́jọ́ kẹta.

Eyín ẹ̀yìn òkè, níbi tí gbòǹgbò súnmọ́ ihò afẹ́fẹ́ tó wà lókè àgbọ̀n: PRF ni màá yàn. Bí awọ ihò afẹ́fẹ́ náà bá ya díẹ̀ lásìkò iṣẹ́, awẹ́ kan wà nílẹ̀ tí wọ́n lè fi bò ó.

Ihò tó lu já, tàbí tó kọjá sẹ̀ǹtímítà kan: collagen, pẹ̀lú PRF lábẹ́ rẹ̀ tàbí lórí rẹ̀. PRP pẹ̀lú thrombin màlúù, èmi ò ní gbà á fún ọ̀kankan nínú wọn.

Gbòǹgbò tó ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀ ńkọ́? Kí wọ́n yọ ọ́ ni. Kò sí èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí tó ń lẹ gbòǹgbò tó là.

Ẹni tó yẹ kó sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀

Bí ẹ bá ń lo warfarin tàbí oògùn míì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, PRF yín lè má dì dáadáa, tàbí kí ẹ̀rọ ní láti yí i pẹ́ sí i. Aspirin àti clopidogrel máa ń mú kí platelet fúnra rẹ̀ rọ. Ẹ sọ fún dókítà eyín. Ẹ má ṣe dá oògùn ọkàn yín dúró nítorí eyín láìjẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ fún yín ló ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí platelet rẹ̀ kéré, ẹni tí ó ní àrùn ẹ̀jẹ̀, ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, kí gbogbo wọn sọ ọ́. Ẹni tó ń mu sìgá náà kó mọ̀ pé sìgá ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pa níbi tí VEGF ti fẹ́ hu tuntun.

Ẹ lè wo ìdérí ìgò náà fúnra yín. Àwọ̀ búlúù sábà máa ń túmọ̀ sí pé citrate wà nínú rẹ̀: ti PRP àti PRGF nìyẹn. Ti PRF sábà máa ń jẹ́ pupa, ìgò tí kò ní nǹkan nínú. Bí ẹ bá rí ìdérí aláwọ̀ àlùkò, EDTA, oògùn míì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ló wà nínú rẹ̀, ìgò tí wọ́n fi ń ka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ni. Bí wọ́n bá yí i títí di ọ̀la, PRF ò ní jáde níbẹ̀.

Ní ti bàbá yẹn, ihò tiwọn ò ju mílímítà 5 lọ. Mo sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ tó máa sun níbẹ̀ máa tó, a sì rán an bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ kejì láti sọ fún mi pé àwọn ìbá ti gba PRF yẹn. A ya X-ray lóṣù kẹfà, a tún un yà ní oṣù kejìlá. Eegun ti dí i. Wọ́n gbé àwòrán náà sókè sí iná, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n ní, "Ibo gan-an ló wà tẹ́lẹ̀?"